Kíkúrò lórí laptop wúwo bọ́ sórí èyí tó fúyẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń kọ̀wé lójoojúmọ́ ní Ifẹ̀ àti Iléṣà

Ojú ìwé yìí wà fún ẹni tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ló ń tẹ̀ jù lórí kọ̀ǹpútà: olùkọ́ tó ń ṣètò ìdánwò, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá, akọ̀wé ìjọ tàbí ẹgbẹ́, lọ́yà, oníròyìn, òǹkọ̀wé. Ẹni tó ń gé fídíò tàbí tó ń gbá géèmù, ọjà tirẹ̀ yàtọ̀. Èrò wa kò sì fara pamọ́: òǹkọ̀wé kò nílò ẹ̀rọ alágbára. Kíbọ́ọ̀dù tó dùn ún tẹ̀, bátìrì tó ṣì lẹ́mìí àti ìwọ̀n tí èjìká lè gbé ni kó náwó sí.

Èyí tí mo ní ṣì ń tàn. Ṣé dandan ni kí n pààrọ̀ rẹ̀?

Kì í ṣe dandan. Ohun tó sábà máa ń sọ laptop àtijọ́ di ìgbín ni hard disk (ibi tí fáìlì ń gbé) tó ń yí nínú rẹ̀. Ẹ gbé etí sún mọ́ ọn bó bá ń ṣí: bí ẹ bá ń gbọ́ kìrìkìrì, hard disk ni. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi SSD 2.5-inch (ibi ìpamọ́ fáìlì tí ohunkóhun kì í yí nínú rẹ̀) tó jẹ́ 240GB tàbí 256GB rọ́pò rẹ̀, ẹ sọ RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) di 8GB, ẹ óò rí i pé ẹ̀rọ náà tún jí. Kí ẹ tó sanwó RAM, ẹ wo irú èyí tó ń lò. Processor Intel generation 4 (ìran kẹrin; bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n wà nísàlẹ̀) ń lo DDR3L, generation 8 ń lo DDR4. Ojú tí wọ́n gé sí ìdí wọn kò dọ́gba, ọ̀kan kò lè wọ àyè èkejì, ẹni tó bá sì fi tipátipá tì í á ba bọ́ọ̀dù jẹ́.

Àwọn nǹkan kan wà tí SSD kò lè wò sàn: ìwọ̀n kílò méjì àbọ̀, ìdè ojú tó ti fọ́, ojú 1366×768 tí ń rẹ ènìyàn lójú, àti ọ̀rọ̀ Windows. Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 (ohun ààbò inú ẹ̀rọ), ní ti Intel sì rèé, láti generation 8 lọ sókè ni Microsoft fọwọ́ sí. Bí ẹ̀rọ yín bá ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, Linux Mint (ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò Windows) pẹ̀lú LibreOffice ọ̀fẹ́ (tó ń ṣe iṣẹ́ Word) ni, ó sì tó fún ìwé kíkọ. Ṣùgbọ́n bí méjì nínú àìsàn tí a kà yìí bá ti bá a jà pọ̀, ẹ má ná owó lé e lórí mọ́.

Báwo ni mo ṣe ń mọ generation? Gbogbo ọlọ́jà ló ń sọ pé "Core i5 ni".

"Core i5" nìkan kò sọ nǹkan kan. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e: i5-7200U jẹ́ generation 7, i5-8250U jẹ́ 8, i5-1135G7 jẹ́ 11. Nínú Windows, ẹ lọ sí Settings, System, About, ó wà níbẹ̀. Sítíkà ara laptop kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí wọ́n ń tà á lọ́tọ̀.

Ṣé kí n ra tuntun nínú páálí, àbí tòkúnbọ̀?

Fún owó kan náà, tòkúnbọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá (èyí tí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ lókè òkun ti lò) ló sábà máa ń dára jù fún òǹkọ̀wé. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu, pàápàá àwọn tó ń ra nǹkan fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tàbí Yunifásítì Iléṣà, torí pé ojú páálí ń tàn wọ́n.

Ẹ wo ohun tó wà nínú páálí olówó pọ́ọ́kú. Processor Celeron bíi N4020, RAM 4GB tí wọ́n ti jó mọ́ bọ́ọ̀dù, àti eMMC 64GB (ibi ìpamọ́ fáìlì) tí kò ṣeé pààrọ̀. Windows fúnra rẹ̀ á jẹ nǹkan bí ìdajì eMMC náà. Tí àtúnṣe Windows bá dé, àyè kò ní tó, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ máa ń tẹ̀ wọlé láàárín, torí pé ike tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbé e dúró. Ní ti tòkúnbọ̀ ilé iṣẹ́, irin tàbí carbon ni ara rẹ̀, SSD rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, i5 generation 8 sì ju Celeron yẹn lọ fíìfíì.

Bátìrì ni àléébù tòkúnbọ̀. Ẹ yọ owó bátìrì tuntun sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà. Ẹni tó bá na gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ sórí laptop nìkan á padà di ẹni tí ń wá sọ́kẹ́ẹ̀tì kiri.

Ẹ ṣọ́ra fún Chromebook tòkúnbọ̀. Gbogbo wọn ló ní ọjọ́ tí Google máa dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró, púpọ̀ nínú èyí tó ń wọlé ni ọjọ́ yẹn sì ti kọjá.

Ẹ dárúkọ díẹ̀ tí mo lè béèrè fún.

HP EliteBook 840 G5: nǹkan bíi kílò kan àbọ̀, ojú 14-inch, àyè RAM méjì. Dell Latitude 7490: bíi kílò kan ó lé irinwó gíráàmù, àyè RAM méjì lòun náà. Àwọn méjèèjì yìí ni a máa kọ́kọ́ tọ́ka sí, torí pé àtúnṣe wọn rọrùn, atúnkọ̀ǹpútàṣe tó mọ iṣẹ́ sì mọ inú wọn dáadáa.

ThinkPad T480s fúyẹ́ díẹ̀ sí i, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sì dára gan-an. Wọ́n jó apá kan RAM rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, àyè kan ṣoṣo ló kù. ThinkPad X1 Carbon Gen 6, kílò 1.13, ló fúyẹ́ jù nínú wọn, àmọ́ gbogbo RAM rẹ̀ ni wọ́n jó mọ́ ọn: bó bá jẹ́ 8GB lẹ ra, 8GB náà lẹ óò lò títí. Lórí àwọn ThinkPad wọ̀nyí, Fn ló wà ní igun òsì, ibi tí ọwọ́ yín ti ń wá Ctrl. Ẹ lè pààrọ̀ àwọn méjèèjì nínú BIOS (ètò inú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó ṣí).

MacBook Air M1 ti 2020, kílò 1.29, kò ní fáànù nínú, bátìrì rẹ̀ sì ń pẹ́ gan-an. Bí owó bá gbà á, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀ fún òǹkọ̀wé. Ẹ sá fún MacBook Air ti 2018 àti 2019, MacBook 12-inch, àti MacBook Pro láti 2016 dé ọ̀pọ̀ èyí tó jáde ní 2019. Kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní butterfly ló wà lára wọn. Eruku bíńtín tó bá bọ́ sábẹ́ lẹ́tà kan, lẹ́tà náà á kọ̀ tàbí kó máa tẹ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ronú ohun tí ọyẹ́ máa fi irú rẹ̀ ṣe.

Mo ti dé ṣọ́ọ̀bù ní Lágere, Ifẹ̀. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Ẹ fún ara yín ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọlọ́jà tó bá ń kánjú yín, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Ẹ mú fíláàṣì tí CrystalDiskInfo (ètò tó ń sọ ìlera SSD tàbí hard disk) wà lórí rẹ̀ dání kí ẹ lè fi yẹ ti laptop náà wò, kí fóònù yín sì ní dátà.

Ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ tún un tàn, kí ẹ máa tẹ F2 bó bá jẹ́ Dell, F10 bó bá jẹ́ HP, F1 bó bá jẹ́ ThinkPad. Èyí á gbé yín wọ BIOS. Bó bá béèrè password tí ọlọ́jà kò mọ̀, ẹ dá a padà fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ó ṣe reset Windows níṣojú yín, kí ẹ sì so ó mọ́ hotspot fóònù yín nígbà tó bá ń béèrè orúkọ. Bí orúkọ ilé iṣẹ́ kan lókè òkun bá yọ, tó ní kí ẹ fi í-meèlì ibi iṣẹ́ wọlé, ìkáwọ́ wọn ló ṣì wà. Ọlọ́jà tó mọ̀ nípa rẹ̀ kì í jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì kàn án títí ẹ óò fi sanwó. Lórí Mac, Remote Management tàbí Activation Lock ni ẹ óò rí.

Ó wá kan kíbọ́ọ̀dù, ibí yìí sì ni kí ẹ ti lo àkókò jù. Ẹ ṣí Notepad. Ẹ tẹ ìlà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láti òsì dé ọ̀tún, kí ẹ tó wá fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ odidi ìpínrọ̀ kan bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ nílé. Ẹ tẹ spacebar ní eteetí òsì, ní àárín, ní eteetí ọ̀tún. Èyí tó ti ń bàjẹ́ máa ń gbọ́ràn ní ibì kan, kó kọ̀ ní ibì kejì. Ẹ wo a, e, i, o àti n dáadáa, torí pé àwọn ni a ń tẹ̀ jù. Ẹ fi èékánná họ etí lẹ́tà kan: bó bá ń ṣí, sítíkà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ kíbọ́ọ̀dù Jámánì tàbí ti Faransé, ipò àwọn lẹ́tà kan lábẹ́ rẹ̀ yàtọ̀, ìtò rẹ̀ ní ìhà Enter pẹ̀lú kò sì ní bá ọwọ́ yín mu.

Ẹ jẹ́ kí Notepad yẹn gba gbogbo ojú, funfun báláú. Àmì pupa rúsúrúsú, ojú funfun tó tàn ju àyíká rẹ̀ lọ, ìlà tín-ín-rín: gbogbo rẹ̀ á hàn. Ẹ ṣí ojú rẹ̀, kí ẹ pa á dé díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń ṣẹ́jú, wáyà tó gba inú ìdè kọjá ti ń já. Ẹ rí i dájú nínú Settings, Display pé 1920×1080 ni.

Bátìrì: ẹ tẹ cmd sí Start, ẹ tẹ Enter, kí ẹ wá kọ powercfg /batteryreport. Á sọ ibi tó fi fáìlì náà sí. Ẹ ṣí i, kí ẹ wá Design Capacity àti Full Charge Capacity. Bó bá jẹ́ 50,000 ni àkọ́kọ́, tí èkejì jẹ́ 35,000, ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Tó bá ti wà lábẹ́ 70, ẹ fi dúnàá-dúràá owó rẹ̀. Tó bá wà lábẹ́ 50, ẹ kà á sí pé kò ní bátìrì. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá dọ́gba géérégé lára laptop 2018, wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì ni. Ìyẹn kò burú, àmọ́ àdàmọ̀dì máa ń purọ́ nínú ìròyìn yìí. Nítorí náà ẹ yọ ṣájà, ẹ jẹ́ kó wà lórí iná ojú tó mọ níwọ̀n fún ogún ìṣẹ́jú nígbà tí ẹ ń yẹ àwọn yòókù wò. Ìpín márùn-ún sí méje ni bátìrì tó dára máa lò. Bó bá ju mẹ́wàá lọ, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ní ìparí, ẹ gbé e lé orí gíláàsì tó tẹ́jú. Bó bá ń mì, tàbí tí touchpad le tí kò tẹ̀ wọlé mọ́, bátìrì ti ń wú nínú rẹ̀. Ẹ má ra irú rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ bátìrì náà níbẹ̀.

Ṣé Ìkẹjà ni kí n ti rà á ni, àbí níbí?

Computer Village ní Ìkẹjà ní ọjà púpọ̀, owó rẹ̀ sì lè dín. Ẹ fi owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ kún un, kí ẹ tún ronú pé ẹ lè ní láti padà lọ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ karùn-ún. Fún ẹyọ kan, a fara mọ́ ṣọ́ọ̀bù tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà. Ibi yòówù kó jẹ́, kí rìsíìtì ní serial number, iye ọjọ́ tí wọ́n lè gbà á padà, àti ohun tí "gbà á padà" túmọ̀ sí: ṣé owó ni, àbí pàṣípààrọ̀?

Mo tẹ @, àmọ́ àmì ọ̀rọ̀ sísọ ló ń jáde.

Kíbọ́ọ̀dù UK lẹ ní, àmọ́ Windows rò pé ti Amẹ́ríkà ni. Settings, Time & language, Language & region, kí ẹ fi English (United Kingdom) kún un, kí ẹ yọ ti US kúrò. Kò bàjẹ́. Ẹ má san owó fún ẹnikẹ́ni láti tún un ṣe.

Báwo ni mo ṣe máa tẹ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn lórí rẹ̀?

Lórí Windows, ibi kan náà yẹn lẹ óò lọ, kí ẹ fi Yorùbá kún èdè. Windows key pẹ̀lú Space ló ń gbé yín láti kíbọ́ọ̀dù kan sí òmíràn. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí lẹ́tà wà, Windows key + Ctrl + O á gbé àwòrán kíbọ́ọ̀dù síta. Ẹni tí ìtò náà kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gba Keyman, ọ̀fẹ́ ni, ó ní oríṣi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá.

Bí ẹ bá wà lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, nínú Word ẹ tẹ 1EB9 kí ẹ sì tẹ Alt+X, á di ẹ. 1ECD á di ọ, 1E63 á di ṣ. Fún àmì òkè, ẹ kọ́kọ́ tẹ lẹ́tà náà, kí 0301 àti Alt+X tẹ̀ lé e. 0300 ni ti ìsàlẹ̀. Bí lẹ́tà tó ṣáájú bá jẹ́ a tàbí e lásán, ẹ kọ ọ́ bí U+0301, kí Word má bàa ka lẹ́tà yín mọ́ nọ́ńbà náà. Lórí Mac, ẹ yan kíbọ́ọ̀dù ABC – Extended: Option+x kí ẹ tó tẹ e á fún yín ní ẹ, Option+e ni àmì òkè, Option+` ni ti ìsàlẹ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo òǹkọ̀wé Yorùbá mọ̀. Ẹ́ kì í ṣe ẹyọ kan nínú kọ̀ǹpútà; ẹ ni, pẹ̀lú àmì tó gùn ún lórí. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ̀ ọ́n á gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó gbé e fò lókè. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif ń gbé e síbi tó yẹ, ọ̀fẹ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ bá ń lọ tẹ iṣẹ́ jáde ní business center, ẹ sọ ọ́ di PDF kí ẹ tó kúrò nílé, torí pé fọ́ǹtì yín kò sí lórí ẹ̀rọ wọn.

Ní ti ìlà pupa tí Word ń fà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀: Ctrl+A, Review, Language, Set Proofing Language, kí ẹ fi àmì sí Do not check spelling or grammar.

Ìwé Yorùbá mi àtijọ́ di jágbajàgba lórí laptop tuntun.

Wọn kò bàjẹ́. Fọ́ǹtì àtijọ́ kan tó ń fi ẹ àti ọ rọ́pò àmì mìíràn ni wọ́n fi tẹ̀ wọ́n. Ẹ padà sórí laptop àtijọ́, C:\Windows\Fonts, kí ẹ da fọ́ǹtì náà kọ, kí ẹ fi sí ti tuntun. Kí ẹ tó wá fi Find and Replace yí wọn padà sí lẹ́tà gidi, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Iṣẹ́ yìí ń súni, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni.

Kí ni kí n dà kọ láti orí èyí àtijọ́?

Documents, Desktop, Downloads, fọ́ǹtì, àti bookmark browser yín. Ẹ má ṣe kó odidi Windows àtijọ́ bọ́ sínú tuntun. Ẹ óò kó àìsàn rẹ̀ dání. Bí laptop àtijọ́ kò bá tàn mọ́, ẹ yọ hard disk rẹ̀, ẹ fi sínú páálí USB (enclosure) tó jẹ́ ti SATA 2.5-inch, á ṣí bíi fíláàṣì ńlá. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan lórí disk yẹn fún oṣù kan, torí pé fáìlì tí ènìyàn gbàgbé kì í yọjú lọ́jọ́ kìíní.

Ìyà iná ńkọ́?

Ẹ wo ara ṣájà yín: INPUT 100–240V. Iná tó rẹlẹ̀ kò pa á lára. Iná tó bá dé lójijì ló ń ṣe é léṣe, nítorí náà bí NẸ́PÀ bá mú iná wá, ẹ jẹ́ kó dúró ná kí ẹ tó fi ṣájà sí i. Jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ tàn án, ẹ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ dọ́gba kí ẹ tó so nǹkan mọ́ ọn, kí ẹ sì yọ ọ́ kí epo tó tán pátápátá: bó bá ń kú lọ ni iná rẹ̀ ń ṣe ségesège jù. Tí òjò bá ṣú tí àrá ń sán, ẹ yọ ṣájà kúrò lára ògiri. Pípa switch nìkan kò tó.

Gbogbo laptop Windows tí a dárúkọ lókè ló ń gba iná láti USB-C, bẹ́ẹ̀ náà ni Mac, nítorí náà power bank lè gbé wọn. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ PD (Power Delivery, iná laptop láti USB-C) 45W tàbí 65W sí lára. Ti fóònù tó jẹ́ 10W kò ní ṣe nǹkan kan. 20,000mAh jẹ́ 74Wh (watt-hour, ìwọ̀n iná tó wà nínú rẹ̀), nǹkan bí 60Wh ló máa dé inú laptop. Ìwé títẹ̀ lásán ń jẹ tó 8W, ẹ óò rí wákàtí méje gbà níbẹ̀, bí 20,000 náà kò bá jẹ́ irọ́. Ẹ gbé e wò lọ́wọ́: power bank 20,000 gidi kì í fúyẹ́.

Ẹni tó ń lo sólà, tí ṣájà kì í kúrò lára ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó dá bátìrì dúró sí ìpín 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó wà nínú áàpù Lenovo Vantage fún ThinkPad, àti nínú BIOS Dell àti ti HP.

Dátà mi tán láàárín alẹ́ kan.

Àtúnṣe Windows àti OneDrive (ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì) ni. Settings, Network & internet, Wi-Fi, ẹ ṣí orúkọ hotspot yín, kí ẹ tan Metered connection. Kí OneDrive máa gbé fódà ìwé yín nìkan, má ṣe jẹ́ kó gbé àwòrán. Àtúnṣe ńlá, ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá rí Wi-Fi tí kì í ṣe owó yín.

Ẹni tí Windows rẹ̀ kò "activate", ṣé kó lo èyí tí wọ́n ń gbé kiri lórí fíláàṣì?

Rárá. Ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ti ń wọlé jù. Tòkúnbọ̀ ilé iṣẹ́ sábà máa ń ní digital license nínú bọ́ọ̀dù rẹ̀; bí wọ́n bá tún Windows fi sí i ní edition tó bá a mu, á mọ ara rẹ̀ bó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí ni kí n ṣe sí èyí àtijọ́?

Lẹ́yìn oṣù kan tí a wí yẹn, ẹ jáde kúrò nínú gbogbo àkáǹtì yín, ẹ lọ sí Recovery, Reset this PC, Remove everything, kí ẹ ṣí Change settings, kí ẹ tan Clean data. Láìṣe ìyẹn, ẹni tó rà á lè hú fáìlì yín jáde. Bátìrì rẹ̀ tó bá ti wú, ẹ má gún un, ẹ má sì jù ú sórí ààtàn tí wọ́n máa ń dáná sun. Ẹ gbé e fún atúnkọ̀ǹpútàṣe. Ṣájà àti RAM rẹ̀ ṣì ń tà.